Kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù mi ò ga, ṣé ọkàn mi ò ní nǹkan kan nìyẹn?

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù nìyẹn, wọ́n á na ìwé lábù sí mi, wọ́n á ní dókítà ẹ wò ó, ó dáa àbí kò dáa. Ẹlòmíì sì rèé, ẹ̀rù ló máa gbé wọlé torí pé wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ nọ́ńbà LDL ẹ̀, ìyẹn kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní èyí tí ò dáa, ó ti gbà pé gbogbo iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn òun ti dí pátápátá. Ohun tí ìwé yẹn ò mọ̀ làwọn méjèèjì ń bi í. Ohun tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ yín lọ́jọ́ tí wọ́n fà á ló ń sọ, kò rí inú ògiri iṣan rárá.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rá ni kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù, ọ̀rá kì í sì í po mọ́ omi, torí náà ara máa ń dì í sínú àwọn hóró kéékèèké tí wọ́n ní purotéènì lára kó lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀. LDL wà lára àwọn hóró yìí, òun ló máa ń yọ́ wọnú ògiri iṣan, tó bá wá há síbẹ̀ ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, ojú ibẹ̀ á wú, ọ̀rá á máa kó jọ, díẹ̀díẹ̀ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Pé LDL fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́. Michael Brown àti Joseph Goldstein gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1985 torí wọ́n ṣàlàyé bí ara ṣe ń kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara àwọn ọmọ tó jogún àléébù lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni wọ́n sì ti rí i, àwọn ọmọ tí hátì atáàkì lè mú kí wọ́n tó pé 20 ọdún, tí wọn ò mu sìgá rí láyé wọn.

Ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó dà bí èéfín tó ń dú àjà ilé ìdáná, tẹ́ẹ bá wo iná tó ń jó lónìí ẹ ò lè fi mọ bí àjà ṣe dú tó, iye ọdún tí wọ́n ti ń dáná níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rí ẹni tí iṣan mẹ́ta ti há lọ́kàn ẹ̀ tí LDL ẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ pé ó ti ń lo státínì, oògùn tó ń gbé kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù wálẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn hátì atáàkì ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, torí lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì LDL máa ń já wálẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù kọ́ ló fà á. Ó sì lè jẹ́ sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ló ti ba ògiri iṣan jẹ́, tí LDL tí ò pọ̀ gan-an fi ráyè wọlé.

Èwo ló wá yẹ ká wò nínú ìwé náà? Ẹ wo ẹnì kan tí àpapọ̀ kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù ẹ̀ jẹ́ 200, HDL (èyí tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù tó dáa) 32, trígílísẹ́ráìdì (oríṣi ọ̀rá míì nínú ẹ̀jẹ̀) 290, gbogbo ẹ̀ ní mg/dL. Ọ̀pọ̀ lábù kì í wọn LDL gan-an, ìṣirò ni wọ́n máa ń ṣe: wọ́n á pín trígílísẹ́ráìdì sí 5, ìyẹn 58, wọ́n á yọ ọ́ pẹ̀lú HDL kúrò nínú 200, ó ku 110. Ó jọ pé kò burú àbí? Ẹ wá yọ HDL nìkan kúrò nínú 200. 168 ló kù, ìyẹn sì ni gbogbo kọlẹ́sitérọ́ọ̀lù tó wà nínú hóró tó lè ba iṣan jẹ́, LDL àtàwọn yòókù. Nọ́ńbà tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìyẹn, pàápàá lára ẹni tó sanra níkùn tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Tówó bá wà fún tẹ́ẹ̀sì apoB, ó tún dáa jù, purotéènì tó wà lára àwọn hóró tó lè ba iṣan jẹ́ yìí ni, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì máa ń wà lára hóró kọ̀ọ̀kan, a ti ka iye wọn nìyẹn.

Àwọn ìwádìí kan rí i lóòótọ́ pé bí àwọn nọ́ńbà yìí ṣe ń ga ni iṣan tó há ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èrò rẹpẹtẹ la kó jọ ká tó rí ìyẹn, a ò lè fi sọ tẹnì kan. Tá a bá fẹ́ mọ bó ṣe le tó, àwòrán la nílò: CT, ìyẹn X-ray oníkọ̀ǹpútà tó ń ya inú ara, tàbí ańjíógíráàmù, tí wọ́n ń ti okùn oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọrùn ọwọ́ tàbí abẹ́nú itan lọ sí ọkàn, tí wọ́n á fún oògùn tí X-ray lè rí síbẹ̀. Àwòrán náà ò sì sọ gbogbo ẹ̀, torí ibi tí ò tíì há dé ìdajì lè bẹ́ lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí o. Ẹni tó ti ní àìsàn iṣan ọkàn á rí LDL 95, lábù á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà ní ìwọ̀n, ló bá pa oògùn tì. Ìwọ̀n tó wà lórí ìwé yẹn kì í ṣe tiẹ̀! Ìlànà àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù láti 2019 ni pé kí tirú wọn wà lábẹ́ 55, ìyẹn 1.4 níbi tí wọ́n bá ti ń lo mmol/L. Oògùn yẹn ló gbé e wálẹ̀, tẹ́ẹ bá dá a dúró á tún gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tó bá ń dà yín láàmú, tí ẹran ara ń ro yín, ẹ padà wá ká pààrọ̀ ẹ̀.

Tí àyà bá ń fún yín pinpin nígbà tẹ́ẹ ń gun àtẹ̀gùn, tó sì ń lọ tẹ́ẹ bá sinmi, ẹ lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn, ohun yòówù kí ìwé lábù sọ. Tí kò bá wá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fúnra yín wa mọ́tò lọ.