Ta ló ń dáhùn yín lórí Google?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Penske Media, ilé iṣẹ́ tó ni Rolling Stone, pe Google lẹ́jọ́ ní Washington. Ohun tó bí wọn nínú ni ìdáhùn tí AI, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn, máa ń kọ sókè pátápátá bí èèyàn bá wá nǹkan lórí Google. Ìròyìn yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe l'Abuja, ìbéèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé: èèyàn béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn, kí ló kan ilé ẹjọ́ níbẹ̀? Èyí tí a rí fèsì sí nìyí.

Kí ni nǹkan ọ̀hún gan-an?

Orúkọ tí Google sọ ọ́ ni AI Overviews. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Lórí fóònù kékeré, ó lè gba gbogbo ojú fóònù. Ẹ ní láti fìka fà á sókè dáadáa kí ẹ tó kan líǹkì àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ náà ní tòótọ́.

Ṣé Google ló mọ ìdáhùn náà?

Rárá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló kó jọ.

Kí ló wá ń dun àwọn oníròyìn?

Owó. Ìpolówó ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn orí ayélujára, ìpolówó ò sì mówó wá bí èèyàn ò bá wọlé wá kàwé. Àjọ ìwádìí Pew ṣọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà kan ṣe lo Google ní oṣù kẹta ọdún 2025. Níbi tí ìdáhùn AI ò sí, wọ́n tẹ líǹkì ní ìgbà 15 nínú 100. Níbi tó wà, ìgbà 8 péré.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Ká ní paìpù omi bẹ́ ní Bwari. Akọ̀ròyìn kan á wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, á bá àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri sọ̀rọ̀, á pe iléeṣẹ́ omi títí ẹnì kan á fi gbé fóònù, á padà dé, á kọ ọ́. Lálẹ́, ẹnì kan ní Dutse Alhaji bi Google pé kí ló dé tí omi ò yọ. AI ka iṣẹ́ akọ̀ròyìn yẹn, ó fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Oníbéèrè ò mọ ẹni tó wọ mọ́tò. Ẹni tó wọ mọ́tò ò rí kọ́bọ̀. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ títí, ta ló máa lọ sí Bwari lọ́jọ́ mìíràn? AI kì í wọ mọ́tò.

Ṣé wọn ò lè ní kí Google má kó tiwọn ni?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀, ẹ jẹ́ ká rọra tú u. Láti 1994 ni àṣà kan ti wà lórí ayélujára: ẹni tó ni ojú òpó á kọ fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ robots.txt, á fi sọ fún àwọn ẹ̀rọ tó ń ká ayélujára kiri pé, "Ìwọ wọlé, ìwọ má wọlé." Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ, ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Ní 2023, Google fi orúkọ kan kún un, Google-Extended: ẹni tó bá dí i lọ́nà, wọn ò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ Gemini, AI tiwọn. Ẹni tó dí i lè rò pé ó ti bọ́.

Kò tíì bọ́. AI Overviews ò sí lábẹ́ ìyẹn. Googlebot, ẹ̀rọ kan náà tó ń kó ojú ìwé jọ fún Google tí gbogbo wa mọ̀, ló ń kó tirẹ̀ náà. Bí ẹ bá dí Googlebot, ẹ ti pa ara yín rẹ́ lórí Google. Ọ̀nà kan tún wà: kí èèyàn kọ nosnippet sínú ojú ìwé rẹ̀. Ìyẹn á dí AI lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìlà tí ẹ máa ń rí lábẹ́ àkọlé náà á lọ, àkọlé á dá dúró bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Ta ló ń tẹ irú ẹ̀?

Ní ti àwọn ẹ̀rọ AI mìíràn, Cloudflare, tó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ojú òpó káàkiri àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn fún oníbàárà tuntun láti oṣù keje ọdún 2025, àfi bí ẹni tó ni ojú òpó bá ní kí wọ́n wọlé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò pé kí àwọn tó ni ẹ̀rọ AI sanwó kí ẹ̀rọ wọn tó kà. Googlebot ò sí lára àwọn tí wọ́n dí.

Kí ni Google sọ?

Pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, àti pé ẹ̀sùn náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ?

Ṣé ìdáhùn rẹ̀ máa ń tọ̀nà?

Lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni ewu wà, torí ohùn tó fi ń sọ òótọ́ náà ló fi ń ṣìnà. Kété tó jáde ní 2024, ó ní kí wọ́n po gọ́ọ̀mù mọ́ ọbẹ̀ pizza kí wàràkàṣì má baà yọ̀ bọ́. Ó tún ní ó dáa kéèyàn máa jẹ òkúta kékeré kan lójúmọ́. Àwàdà àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ló kà, tó gbà gbọ́. BBC àti ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù dán ChatGPT, Copilot, Gemini àti Perplexity, àwọn AI tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè, wò lórí ìròyìn. Èsì tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni pé ìdáhùn 45 nínú 100 ló ní ó kéré tán àléébù ńlá kan.

Èyí tó lè kan àpò yín ni owó ìwé ìrìnnà, ìyẹn passport. ₦35,000 ni ti olójú ewé 32 tẹ́lẹ̀. Ó di ₦50,000 ní oṣù kẹsàn-án 2024, ó tún di ₦100,000 ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ìròyìn iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí ayélujára, èyíkéyìí ni AI sì lè fà yọ. Ẹ wo ojú òpó Immigration fúnra wọn kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí olú iléeṣẹ́ wọn ní Sauka.

Bí mo bá béèrè ní Yorùbá tàbí Hausa ńkọ́?

Ẹ tún la ojú sí i. Ohun tí wọ́n ti kọ sórí ayélujára ló ń jẹ, tiwa ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣé mo lè pa á?

Kò sí ibi tí ẹ ti lè pa á pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wá nǹkan tán, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ All, Images àti News sí, ẹ fà á títí ẹ ó fi rí Web, ẹ tẹ̀ ẹ́. Líǹkì nìkan ló máa kù, bíi ti àtijọ́.

Bó bá ṣì mí lọ́nà, ta ni mo máa mú?

Ó ṣòro. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní Kánádà ní kí Air Canada, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, sanwó fún èrò kan tí ẹ̀rọ tó ń fèsì lórí ojú òpó wọn ṣì lọ́nà nípa tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń lọ sìnkú. Wọ́n ti kọ́kọ́ jà á bí ẹni pé kí ẹ̀rọ lọ jẹ́jọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ! Ṣùgbọ́n ojú òpó tiwọn nìyẹn, ọjà tiwọn ni. Google kì í ta ìwé ìrìnnà, ó sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé AI lè ṣe àṣìṣe.

Kí ni kí n bẹ̀rù jù?

Nọ́ńbà fóònù. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń lẹ nọ́ńbà tiwọn káàkiri ayélujára, wọ́n á ní ti ilé iṣẹ́ ńlá kan ni, AI á sì kó o. Ní 2025, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà pe irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí Google gbé fún un, ó rò pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lòun ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ka nọ́ńbà káàdì rẹ̀ fún wọn. Bí owó yín bá há sí POS ní Wuse, ẹ má bi Google ní nọ́ńbà báǹkì. Ẹ yí ẹ̀yìn káàdì ATM yín wò, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ ka PIN tàbí OTP fún òun, ẹ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.