Sípíkà Ló Ń Yan Áńpù: Bí Ẹ̀rọ Orin Inú Ilé Ṣe Ń Bára Mu

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ orin ní Wuse, l'Ábùjá, nọ́ńbà ló máa ń kọ́kọ́ kọ lu èèyàn lójú. Wọ́n á kọ 3000W gàdàgbà gàdàgbà sára páálí, wọ́n á wá fi PMPO tín-ín-tìn-ìn-tín sí i nídìí. Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wáyà iná ti ń wọlé: AC 230V, 50Hz, 65W. Wáàtì 65 ló ń gbà látara iná. Níbo ló ti fẹ́ rí 3000 tó máa tú jáde? PMPO jẹ́ nọ́ńbà àwọn tó ń polówó ọjà, kò sí òdiwọ̀n kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ fẹnu kò lé lórí fún un. Èyí tó ṣeé gbára lé ni RMS, ìyẹn wáàtì tí ẹ̀rọ lè máa tú jáde láìsinmi, bí wọ́n bá kọ ohm tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n mọ́ ọn (a máa tó dé orí ohm): apá ọ̀tún wáàtì 40, apá òsì wáàtì 40, sínú ohm 8.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ná, kí wọ́n tó wá sípíkà tí wọ́n máa so mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ la fi ń wọn bàtà. Sípíkà ló ń sọ iná di ohùn, òun náà ni ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀ jù láti ọ̀kan sí èkejì. Áńpù méjì tó dára lè dún bákan náà létí ẹni tí kò wo ojú wọn. Sípíkà méjì tó dára kì í dún bákan náà láé. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí owó rẹ̀ ṣiṣẹ́ á kọ́kọ́ wo bí pálọ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó, á yan sípíkà tó bá a mu, á jẹ́ kí sípíkà náà sọ irú áńpù tó fẹ́, ẹ̀rọ CD á wá kẹ́yìn.

Nọ́ńbà méjì ló yẹ kí èèyàn wá lẹ́yìn sípíkà tàbí nínú ìwé kékeré tó bá a wá. Èkíní ni dB, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó. Bí wọ́n bá kọ 88 dB, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí wáàtì kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, tí a sì wọn ohùn rẹ̀ ní mítà kan sí iwájú, bó ṣe máa ròkè tó nìyẹn. Sípíkà mìíràn máa ń jẹ́ 85, òmíràn 91. Ẹni tó bá rò pé mẹ́ta kò tó nǹkan kò tíì mọ ìṣirò dB: mẹ́ta níbẹ̀ túmọ̀ sí ìlọ́po méjì wáàtì. Ohun tí sípíkà 91 ń fi wáàtì 20 ṣe, 88 á fi 40 ṣe é, 85 á fi 80 ṣe é. Etí ní tirẹ̀ kì í ka wáàtì bí a ṣe ń kà á. Kí etí tó gbà pé ohùn yìí ti pọ̀ ní ìlọ́po méjì, wáàtì á ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Abájọ tí ẹni tó fi áńpù wáàtì 50 sílẹ̀ tó lọ ra ti wáàtì 70 fi máa ń délé tí ohun tó ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló tún ń gbọ́, owó nìkan ló ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú pálọ̀ kan ní Kubwa, mítà mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní gígùn, tí àga fi bíi mítà mẹ́ta jìnnà sí sípíkà. Bí ohùn bá ṣe ń rìn ló ń rọ̀, àmọ́ sípíkà méjì ló wà níbẹ̀, ògiri náà sì ń dá díẹ̀ padà. Bí a bá fi wáàtì kan sínú sípíkà 88 kọ̀ọ̀kan, ẹni tó jókòó á ṣì gbọ́ bíi 84. Bẹ́ẹ̀ ohùn tí a fi ń gbádùn orin ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn, kì í sábà ju 75 sí 80 lọ. Wáàtì kan kò tíì tán nìyẹn! Kí wá ni wáàtì 40 wà fún? Fún ìlù ni. Nígbà tí onígángan bá ṣàdédé sọ ọ̀pá ìlù mọ́ awọ, tàbí tí agogo bá bọ́ sójú agbo, ohùn á fò sókè ní 15 sí 20 dB ju ibi tó wà lọ, á sì tún balẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kí irú ìlù bẹ́ẹ̀ tó lè kan 100 dB lórí àga yẹn, bíi wáàtì 40 ni sípíkà 88 máa béèrè. Áńpù tí kò bá ní in á gé orí ìlù náà. Ẹni tó mọ jùjú dáadáa á fura: gángan á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu.

Nọ́ńbà kejì ni ohm, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Bó bá ṣe kéré tó ni iná ṣe ń ráyè kọjá tó. Áńpù tó bá ti fọ́ọ̀tì (volt) 20 jáde á rán ampere 2.5, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, sínú sípíkà ohm 8, wáàtì 50 nìyẹn. Fi ohm 4 sípò rẹ̀, ampere á di 5, wáàtì á di 100. Lórí ìwé, ó dà bí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n inú tiransifọ́mà áńpù ni ampere yẹn ti ń wá, bí kò bá sì ní in, áńpù á gbóná, á máa pa ara rẹ̀ láàárín orin, tàbí kó kúkú jóná. Ibi tí a ti ń so wáyà sípíkà ni wọ́n máa ń kọ ohun tó lè gbé sí: 4–16 tàbí 6–16. Sípíkà ohm 4 kò ní iṣẹ́ kankan lẹ́yìn áńpù tó bẹ̀rẹ̀ láti 6. Ohm tí wọ́n kọ sára sípíkà gan-an kì í dúró sójú kan. Èyí tí wọ́n pè ní 8 lè já sí 6 níbi báàsì kan, kó tún gun 20 níbòmíràn. Áńpù tí ìwé rẹ̀ bá sọ wáàtì 50 fún ohm 8 àti wáàtì 80 fún ohm 4 ti fi hàn pé òun ní agbára nílẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́ lórí ohm 4, ó ní ohun tó ń dákẹ́ sí.

Bọ́tìnnì A+B, tó ń jẹ́ kí sípíkà ibi méjì ṣiṣẹ́ pọ̀, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Sípíkà ohm 8 kan ní pálọ̀, òmíràn ní yàrá, wọ́n tẹ méjèèjì pọ̀, inú wọn dùn. Lójú ọ̀pọ̀ áńpù, ohm 8 pẹ̀lú ohm 8 di ohm 4, nítorí ọ̀nà méjì ni iná ń rí gbà kọjá.

Gbogbo ayé ló gbà pé áńpù ńlá ló ń ba sípíkà kékeré jẹ́. Ó lè bà á jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìwọ̀n, àmọ́ áńpù kékeré tí wọ́n ń fipá mú náà lè bà á jẹ́. Nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán, ìgbì ohùn tó yẹ kó ní orí roboto á di pẹrẹsẹ bíi tábìlì. Pípẹrẹsẹ yẹn máa ń bí ọ̀pọ̀ ohùn tín-ín-rín tí kò sí nínú orin, tweeter, ẹ̀yà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, ni gbogbo rẹ̀ sì máa ń wọ́ lọ bá. (Tweeter inú sípíkà là ń wí, kì í ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.) Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun; nínú sípíkà tí wọ́n kọ wáàtì 100 sí, wáàtì díẹ̀ péré ni tweeter lè gbà láìsinmi. Nígbà tí ohùn bá ti ń ya, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún bíi pépà tí wọ́n ń ya, ó ti ń jóná lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ní “mi ò tíì yí volume dé ìdajì” kò gba ara rẹ̀ là. Ẹ̀rọ CD máa ń rán bíi fọ́ọ̀tì 2 jáde nígbà tí orin bá dé góńgó. Ọ̀pọ̀ áńpù kò nílò ju ìdajì fọ́ọ̀tì kan lọ kí ó tó lo gbogbo agbára rẹ̀, òmíràn kò tiẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni pé àmì volume lè wà níbi tí ọwọ́ aago mọ́kànlá máa ń tọ́ka sí, kí agbára áńpù ti tán pátápátá. Fún ìdí kan náà, a kì í ki wáyà CD bọ ihò tí wọ́n kọ Phono sí: mílífọ́ọ̀tì bíi 5 láti ara abẹ́rẹ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ihò yẹn ń retí, fọ́ọ̀tì 2 sì jẹ́ ìlọ́po 400 rẹ̀. CD, AUX tàbí Tape ni kó lọ.

Lórí ẹ̀rọ CD fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ọdún 1982 ni Sony àti Philips gbé e jáde sọ́jà, òdiwọ̀n kan náà ló sì wà nínú gbogbo àwo títí dòní: ìgbà 44,100 ni wọ́n wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bit 16 (àmì 0 tàbí 1 mẹ́rìndínlógún) sì ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ti olówó àti ti mẹ̀kúnnù, nọ́ńbà yẹn náà ni wọ́n ń kà. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹ̀yà tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sípíkà, kò sì yẹ kó jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ni bóyá ó ń ka àwo dáadáa. Láti àárín ni ẹ̀rọ ti ń ka àwo lọ sí etí, nítorí náà ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ á mú àwo tó kún dáadáa dání, á fo tààrà lọ sí orin tó kẹ́yìn, á sì dúró gbọ́ ọ tán. Ẹ̀rọ tí lẹ́ńsì rẹ̀ ti ń darúgbó lè kọrin àkọ́kọ́ bí ẹyẹ, kó wá máa kólòlò níbi orin tó kẹ́yìn. Àwo VCD tó kún inú àpótí ilé kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ CD lásán, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CD àtijọ́ kò sì mọ MP3. Ẹ̀rọ DVD tó ti wà nílẹ̀ lè ka gbogbo wọn, bí ó bá sì ní ihò tí wọ́n kọ Coaxial tàbí Optical sí, a lè so ó mọ́ áńpù tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀, kí áńpù fúnra rẹ̀ sọ nọ́ńbà di ohùn.

Tòkunbọ̀ tún ní ti iná nínú. Fọ́ọ̀tì 100 ni wọ́n ń lò ní Japan, 120 ní Amẹ́ríkà, 230 nílẹ̀ wa. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti pa áńpù Japan tí wọ́n kì bọ ògiri ní Gwarinpa. Tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di iye fọ́ọ̀tì tí áńpù ń fẹ́ wà lọ́jà, kó kàn jẹ́ pé wáàtì tirẹ̀ ju ti áńpù lọ dáadáa. Ti inverter náà ṣe pàtàkì: èyí tí ìgbì iná rẹ̀ kò dán máa ń mú kí tiransifọ́mà inú áńpù máa kùn bí oyin, pure sine wave ló ń dákẹ́. Ní ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, ohun tó dára jù ni kí áńpù má wà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ lọ aṣọ.

Ọyẹ́ Àbújá kì í fi lẹ́ńsì CD sílẹ̀. Láti November ni eruku pupa ti ń wọlé, ìlẹ̀kùn tí àwo ń gbà wọlé kò sì gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí. Aṣọ ìbora dára fún áńpù tí a ti pa. Fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní oṣù March, nínú ooru yẹn, ìbora á dì í pa ni. Orí rẹ̀ ń fẹ́ àyè ṣíṣófo tó bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Pálọ̀ tó jẹ́ tiles àti POP nìkan máa ń dá ohùn padà bíi ti inú kànga, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì nípọn á sì ṣe ju áńpù tuntun lọ níbẹ̀. Bí báàsì bá pọ̀ jù, kí a kọ́kọ́ fa sípíkà kúrò lára ògiri.

Wáyà kò nílò àsọdùn. Wáyà flexible 2.5mm tí àwọn oníná ń lò, mítà márùn-ún sí sípíkà kan, kò dènà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm kan. Kí a yí orí bàbà rẹ̀ pọ̀ dáadáa kó tó wọlé, nítorí okùn bàbà kan ṣoṣo tó yọ láti ara pupa tó kan dúdú lè pa áńpù. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ní ìhà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí a fi àwo tí a mọ̀ dunjú sí i, kí a jókòó sí àárín. Olórin yẹ kó dúró ní agbede méjì sípíkà, níbi tí kò sí nǹkan kan. Bí ohùn rẹ̀ bá fọ́n ká, tí báàsì sì gbẹ, sípíkà kan ni wọ́n so ní òdìkejì: kí a pa áńpù, kí a pààrọ̀ wáyà ẹyọ kan yẹn nìkan, kí a tún tàn án.