Ìwádìí lórí òfin oògùn olóró àti ìmúṣẹ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

Ìwádìí lórí òfin oògùn olóró ni ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin tí ìjọba ṣe lórí igbó, kokéènì, heroin àti àwọn oògùn ilé ìwòsàn tí a ń ṣì lò ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Olùwádìí kì í ka àpò igbó tí wọ́n dáná sun nìkan. Ó máa ń bèèrè ẹni tí wọ́n mú: ṣé olówó ẹrù ni, àbí ọmọ tó ń bá a rù ú? Ọjọ́ mélòó ni ẹjọ́ náà fi wà ní kóòtù? Ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, ta ló tọ́jú rẹ̀? Ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, ilé àwọn Òkun ní Kábbà, Búnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Mọ̀pà, àti ti àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ní ìhà Lọ́kọ́ja, ibi tí ilẹ̀ náà wà mú kí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ṣòro dáhùn.

Láàárín ẹkùn méjì

Ní ayé ìjọba amúnisìn, abẹ́ Kabba Province ní Àríwá ni Òkun wà. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Kogí lára Kwara àti Benue ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991, Àárín-Gbùngbùn Àríwá ni wọ́n tún kà á mọ́. Ṣùgbọ́n èdè, ọjà àti àna àwọn Òkun ń lọ sí Èkìtì, Àkókó àti Ìgbómìnà. Èyí kan ọ̀rọ̀ oògùn gan-an, nítorí ẹkùn ni wọ́n fi ń to iye àwọn tó ń lò ó.

Ìwádìí ńlá tí Nàìjíríà ṣe ní 2018 jẹ́ iṣẹ́ àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn. Ó fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, ìyẹn ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Igbó ló ṣáájú, mílíọ̀nù 10.6, àwọn oògùn apàrora bíi tramadol àti kodíìnì tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 4.6. Nínú ẹni mẹ́rin tó ń lò ó, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ló ga jù, ìdá 22.4, Àárín-Gbùngbùn Àríwá ló kéré jù, ìdá 10.

Ẹ wo Ìyámoyè ní Ìjùmú, lójú ọ̀nà Ọ̀mùò-Èkìtì. Nínú ìwé, ẹkùn tó kéré jù ló wà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ẹkùn tó ga jù. Ìpele ìpínlẹ̀ ni ìwádìí 2018 dúró sí, kò sọ̀ kalẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀. Iye tí wọ́n kọ fún Kogí da Òkun, Ígálà àti Ẹbìrà pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá fi ṣètò fún Yàgbà ń fi bàtà ọmọ ẹlòmíràn wọn ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀.

Òfin tó ń lọ tó ń bọ̀

Láti 1935 ni òfin oògùn eléwu ti wà ní Nàìjíríà. Ní 1964, Dókítà Tọ́lání Àsúnì ti ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta kọ ọ́ pé àwọn sójà tó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀, àti àwọn atukọ̀ ojú omi, ló gbé igbó wọ̀lú. Dìkíríì 19 ti 1966, òfin ìjọba ológun, wá sọ pé ẹni tó bá gbìn ín yóò kú tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán; ẹni tó bá mu ún, ọdún 10 ó kéré tán. Wọ́n yọ ikú kúrò ní 1975. Ìjọba ológun dá a padà ní 1984 fún àwọn oníṣòwò oògùn olóró, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó ní oṣù Kẹrin 1985, fún ohun tí wọ́n ṣe kí òfin náà tó jáde. Èyí dun ọ̀pọ̀ ènìyàn títí dòní. Wọ́n tún yọ ikú ní 1986. Dìkíríì 48 ti 1989 dá NDLEA sílẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, ó sì fi ẹ̀wọ̀n gbére lé títa, gbígbìn àti kíkó wọlé. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tún dìbò pé kí ikú padà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ọ̀jọ̀gbọ́n Isidore Obot ṣàyẹ̀wò òfin yìí láti 1994 sí 2000. Ó rí i pé mímú ènìyàn àti gbígba ẹrù ni ìjọba gbájú mọ́, tí ìdènà àti ìtọ́jú sì wà lẹ́yìn. Ó sọ nípa ipá tí Amẹ́ríkà ní níbẹ̀ náà, nítorí ní 1994 ni Amẹ́ríkà ka Nàìjíríà mọ́ àwọn tí kò bá a fọwọ́ sowọ́ pọ̀ lórí gbígbógun ti oògùn olóró. Ìgbìmọ̀ tí Kofi Annan gbé dìde ní 2013 lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe alága rẹ̀, dé orí ibi kan náà ní oṣù Kẹfà 2014: kí wọ́n ka ẹni tó ń lò ó sí aláìsàn dípò ọ̀daràn, kí wọ́n sì dojú kọ àwọn ọ̀gá òwò náà.

Lójú pópó, ní kẹ́míìsì àti ní kóòtù

Lọ́kọ́ja wà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ Gúúsù ń gbà lọ sí Àbújá, ibẹ̀ sì ni NDLEA ti ń yẹ ẹrù wò. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń bá. Olówó ẹrù lè má sí níbẹ̀. Ní abúlé, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí oògùn ń gbà. Kẹ́míìsì ni aláìsàn máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni òfin oṣù Karùn-ún 2018, tó dá ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkodíìnì wọlé dúró, ti ní láti ṣiṣẹ́. Olùwádìí tí kò bá bá ìyá tó ń ta oògùn ní Ẹ̀gbẹ̀ sọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ lórí ẹjọ́ NDLEA. Kóòtù májísíréètì ní Ìsánlú tàbí Kábbà kò lè dá a. Ibi tí ìdádúró ẹjọ́ ti lè wá nìyẹn. Ẹ wo bí àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Kábbà, tí wọ́n kọ́ fún ènìyàn 200. Ènìyàn 294 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, lórí ẹ̀sùn oríṣiríṣi. Ilé ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ 70 nínú wọn. Àwọn 224 tó kù ṣì ń dúró de ìdájọ́.