Òṣùpá tí òjìji bù jẹ: ìgbà wo la lè rí i, níbo sì ni?

Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, mo jáde síta nítorí òṣùpá. Mo ti kà á pé ìṣíjibò òṣùpá lápákan, ìyẹn ìgbà tí òjìji ilé ayé máa ń bo apá kan òṣùpá, máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 18:01 UTC (aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé), mo sì ti yí aago náà sí ti ọ̀dọ̀ wa. Mo dúró títí, mo ń gbójú sókè. Òṣùpá rí roboto, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Àwọn tí mo pè jáde ti padà wọlé. Èmi náà ti fẹ́ tẹ̀ lé wọn kí n tó tún ohun tí mo kà yẹ̀ wò dáadáa, ìgbà náà ni mo rí i pé aago tí mo ń retí kọ́ ni mo dì mú. Aago 19:35 ni ojúlówó òjìji kan òṣùpá. Ó ti lé ní wákàtí kan àti ààbọ̀ sí ìgbà tí mo jáde!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òjìji tí ilé ayé ń jù sẹ́yìn ní ọ̀nà méjì. Ẹ na ọwọ́ yín sí iwájú iná, kí òjìji rẹ̀ bọ́ sára ògiri. Àárín rẹ̀ á dúdú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á máa ṣe fírífírí. Bí ẹ bá ṣe ń gbé ọwọ́ náà jìnnà sí ògiri ni etí fírífírí yẹn á máa fẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjìji ilé ayé rí. Nínú òjìji dúdú, ilé ayé dí oòrùn pátápátá. Nínú èyí tó ń ṣe fírífírí, apá kan oòrùn ṣì ń ríbi yọjú. Bí òṣùpá bá wọ fírífírí nìkan, ojú ló máa ń ṣòro fún láti mọ̀ ọ́n; òun ló bẹ̀rẹ̀ ní aago 18:01 tí mo kà yẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú dúdú, ìṣíjibò kíkún nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan ló wọ ibẹ̀ tí ìyókù sì wà níta, òun là ń pè ní ìṣíjibò lápákan.

Alẹ́ àrànmọ́jú nìkan ló lè ṣẹlẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ilé ayé máa ń bọ́ sí àárín oòrùn àti òṣùpá. Kì í sì í ṣe gbogbo oṣù, torí pé ọ̀nà tí òṣùpá ń gbà yí ayé ká dagun díẹ̀, bí ìwọ̀n dìgírì 5. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣùpá á gba òkè òjìji náà kọjá tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, láìfara kàn án.

Níbo wá la ti lè rí i? Èyí rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ìṣíjibò oòrùn ló ń yan ìlú, tó ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan kọjá. Ti òṣùpá kò rí bẹ́ẹ̀. Ara òṣùpá fúnra rẹ̀ ni òjìji wà, nítorí náà gbogbo ẹni tí òṣùpá bá wà lókè orí rẹ̀ ní wákàtí yẹn ló ń rí nǹkan kan náà. Òṣùpá àrànmọ́jú sì máa ń yọ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, á wọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń yọ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́dọ̀ yín tí kò tíì mọ́, ẹ ó rí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2026 ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé òjìji dúdú á kan òṣùpá ní aago 2:33 UTC, á bò ó jù lọ ní 4:13, á sì fi í sílẹ̀ ní 5:52. Ní New York, tí aago wọn fi wákàtí mẹ́rin sẹ́yìn UTC lásìkò yẹn, 2:33 yẹn jẹ́ aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 33 ní alẹ́ ọjọ́ 27. Ẹni tó bá dúró de alẹ́ ọjọ́ 28 níbẹ̀ ti pàdánù rẹ̀. Ní London, aago mẹ́ta kọjá ìdajì ni, ní òru, òṣùpá á sì ti wọ̀ kí ó tó parí. Ní Tokyo, ó ku díẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán lù, wọn kò ní rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀ nìkan kò tó, aago UTC ló yẹ kí ẹ wá, kí ẹ yí i sí ti yín, kí ẹ sì wò ó bóyá ọjọ́ náà yí padà.

Ẹ tún ṣọ́ ohun tí wọ́n fi ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ní ti 2026 yìí á bo ìdá 93 nínú 100. Ìbú òṣùpá, láti etí kan dé èkejì, ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe gbogbo ojú rẹ̀. Ti ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 kò ju bí ìdá 8 àti ààbọ̀ lọ, ó kàn dà bíi pé wọ́n fi èékánná ha etí òṣùpá ni. Ti ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ní tirẹ̀ dé ìdá 97, ó sì gba wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 28. Láti ọdún 1440 kò tíì sí ìṣíjibò lápákan tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé òṣùpá jìnnà sí ayé ní alẹ́ yẹn, bó bá sì ti jìnnà, ìrìn rẹ̀ máa ń falẹ̀.

Ẹ kò nílò awò kankan láti dáàbò bo ojú. Ojú lásán tó, bí ẹ bá sì ní awò awọ̀nàjíjìn, ó tún dára sí i. Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn tẹjú mọ́ ni etí òjìji náà. Bí òṣùpá bá ń dín kù lóṣooṣù, ìlà àárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ máa ń ti orí dé ìdí rẹ̀. Ti òjìji yìí yàtọ̀: apá kan òbìrí ńlá kan ni, tó fẹ̀ ju òṣùpá fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó lé. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, wo òbìrí yẹn ní ayé àtijọ́, ó sì fi ṣe ẹ̀rí pé ilé ayé rí roboto. Bí òjìji bá bo púpọ̀ nínú òṣùpá, ibi tó bò á máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó gba inú afẹ́fẹ́ ayé kọjá tó sì tẹ̀ wọ inú òjìji. Bí ó bá kéré, ìmọ́lẹ̀ ìyókù òṣùpá á bo pupa náà mọ́lẹ̀, dúdú lásán ni ẹ ó rí.

Lẹ́yìn ti 2026, èyí tó kéré wà ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2028, ní bí aago 4:13 UTC. Ti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún kan náà, ní aago 18:20 UTC, á bo bí ìdá 39. Ti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2030 á bo ìdajì ìbú òṣùpá ní bí aago 18:33 UTC, Áfíríkà, Éṣíà àti Ọsirélíà sì wà lára ibi tí wọ́n ti máa rí i.