Abọ́ igi alápàpọ̀: irinṣẹ́ àti ààbò

Abọ́ igi alápàpọ̀ ni abọ́ tí a kò gbẹ́ láti ara ìtì igi kan ṣoṣo. Ègé igi wẹ́wẹ́ ni a máa ń fi àtè lẹ̀ mọ́ra di òrùka. Bí a bá ti to òrùka wọ̀nyí léra tí àtè sì gbẹ, a ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìyígi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú igi yí bírí, a ó sì fi síṣẹ́ẹ̀lì fá a. Kò gba igi púpọ̀. Pákó àjẹkù ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó o.

Òrùka kan jẹ́ 360 dígírì. Bí ègé bá jẹ́ 12, a ó gé orí méjèèjì ègé kọ̀ọ̀kan ní dígírì 15. Fún òrùka tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, etí òde ègé yóò gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.4. Ojú tí a gé jẹ́ 24 lápapọ̀. Bí ayùn bá fi dígírì 0.1 péré ṣì í ní ojú kọ̀ọ̀kan, àlàfo dígírì 2.4 ni yóò yọ níbi tí òrùka ti yẹ kó pàdé, kò sì sí àtè tó lè bo èyí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń lẹ òrùka ní ìlàjì méjì. Wọ́n á lẹ sáńdípépà mọ́ pákó tó tẹ́jú dáadáa, wọ́n á ha ẹnu ìlàjì kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ títí yóò fi gún, kí wọ́n tó so méjèèjì pọ̀.

Ayùn ọwọ́ eléyín wẹ́wẹ́, pẹ̀lú àpótí onígun tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ni ó dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré. Ayùn oníná yára, ègé kékeré sì ni ó ń mú un léwu, torí ó ń fa ìka súnmọ́ eyín ayùn. A kì í fi ọwọ́ di ègé mú. Igi tí a lè sọ nù ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ara pákó gígùn ni kí a ti máa gé e, kí a sì dáwọ́ dúró nígbà tí pákó bá ti kúrú ju ohun tí a lè dì mú láìfòyà. Ègé tí a gé kò gbọ́dọ̀ há sáàárín ayùn àti ohun ìdíwọ̀n, ìyẹn ìdènà tí a fi ń mọ gígùn ègé, nítorí ayùn lè ta á bí òkúta. A ó pa iná, a ó dúró kí ayùn dákẹ́ pátápátá, kí a tó mú un.

Lórí ẹ̀rọ ìyígi, ibọ̀wọ́, apá aṣọ gígùn àti ẹ̀gbà ọrùn kò yẹ lára ẹnikẹ́ni, torí ẹ̀rọ lè fà wọ́n wọlé. Ìbòjú tó bo gbogbo ojú ni a ń lò, torí abọ́ alápàpọ̀ lè tú níbi tí àtè kò ti mú. Eré díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń yí i a sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyẹ̀ igi náà ní ewu tirẹ̀. Ní 1995, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ìyẹ̀ ìrókò máa ń mú ara àwọn kan yún, ó sì ń dí wọn ní èémí, nítorí náà ìbomú tó fún dáadáa ṣe pàtàkì, pàápàá nígbà tí a bá ń fi sáńdípépà dán abọ́ náà.