Ewé òkun àti áyódìn: kí ló ń ṣe fún ara gan-an?

Bí mílíìkì alágolo bá wà nílé yín, ẹ yí agolo náà síbi tí wọ́n to àwọn èròjà rẹ̀ sí. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí E407 tàbí carrageenan. Inú ewé òkun pupa ni wọ́n ti ń fa ìyẹn yọ, òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá mílíìkì yà kúrò lára omi rẹ̀. E401 tí wọ́n ń fi sínú áísìkiriìmù náà, ara ewé òkun búráùn ló ti wá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní àwọn ilé ìwòsàn Òṣogbo mọ E406 dáadáa, bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀: ágà ni, ohun tó ń dì gbagidi nínú àwo tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò àrùn, kí wọ́n lè mọ irú èyí tó wà nínú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ẹni tó bá ní òun ò jẹ ewé òkun rí, ó ṣeé ṣe kó ti máa jẹ ẹ́ tipẹ́ láìmọ̀.

Ohun tó ń hù nínú omi iyọ̀ ni ewé òkun, ara àpáta ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń dì mọ́. Kì í ṣe ojú oró, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òṣíbàtà. Odò àti adágún ni àwọn yẹn ń gbé, wọ́n ní gbòǹgbò, wọ́n sì ń yọ òdòdó. Ewé òkun ò ní gbòǹgbò tó ń fa oúnjẹ, kò ní òdòdó, kò ní èso. Gbogbo ara ló fi ń mu ohun tó bá wà nínú omi tó yí i ká. Ibẹ̀ ni oore rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ ti wá. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: pupa, aláwọ̀ ewé àti búráùn. Nori tí àwọn ará Japan fi ń wé ìrẹsì wà lára àwọn pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dúdú tó bá gbẹ. Wakame tí wọ́n ń sè sínú ọbẹ̀ àti kombu tí wọ́n fi ń ṣe omi ọbẹ̀, búráùn ni àwọn méjèèjì.

Sea moss, tí òun náà jẹ́ pupa, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ó rí i nínú ìgò, ó ki, ó ń yọ̀, wọ́n ń polówó rẹ̀ lórí WhatsApp pé ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń fún ọkùnrin lágbára, ó ń jẹ́ kí obìnrin tètè lóyún, ó sì ní èròjà 92 nínú 102 tí ara ń lò. Ẹ dúró ná. Àwọn èròjà aṣaralóore onírin àti oníyọ̀ tí àwọn onímọ̀ gbà pé ara èèyàn nílò, bíi ogún ni. Bí ẹ bá sì ka àwọn ohun tí a fi dá ayé látorí èyí tó fúyẹ́ jù, uranium tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù ló wà ní ipò 92. Òjé àti áséníìkì wà láàárín níbẹ̀. Ta ló fẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ògì àárọ̀?

Ohun tó jẹ́ ti ewé òkun gan-an, tí oúnjẹ mìíràn ò fi bẹ́ẹ̀ lè bá a du, áyódìn ni. Ẹ mọ̀ ọ́n nílé ìwòsàn: omi rúsúrúsú tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú egbò. Inú ewé òkun ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Lọ́dún 1811, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ nílẹ̀ Yúróòpù, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Bernard Courtois ń sun ewé òkun di eérú kó lè rí iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Ó da ásíìdì sí eérú náà ju bó ṣe yẹ lọ, ni èéfín aláwọ̀ àlùkò bá rú jáde, ó lọ dì sára ohun tó tutù nítòsí. Áyódìn ni.

Kí ni ara ń fi í ṣe? Níwájú ọ̀fun, nísàlẹ̀ gògóńgò, ẹṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ táírọ́ìdì. Họ́mónù méjì tó ń ṣe kò ṣeé ṣe láìsí áyódìn: ọ̀kan gba átọ́mù rẹ̀ mẹ́rin, èkejì gba mẹ́ta. Àwọn họ́mónù wọ̀nyí ló ń darí bí ara ṣe ń yára lo oúnjẹ, bí ọkàn ṣe ń lù, bí ara ṣe ń móoru, àti bí ọpọlọ ọmọ inú oyún ṣe ń dàgbà. Bí áyódìn ò bá tó, ẹṣẹ́ náà á máa tóbi sí i kó lè rí ìwọ̀nba tó wà mú. Gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Ọrùn ni gbogbo èèyàn ń wò, àmọ́ inú oyún ni àìtó áyódìn ti ń ṣe ọṣẹ́ jù: oyún lè bàjẹ́, tàbí kí wọ́n bí ọmọ kí ọpọlọ rẹ̀ má jí pépé títí ayé. Kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni àìtó áyódìn ń fà o. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá ń wú, àyẹ̀wò ló kàn, kì í ṣe ìgò.

Ìwọ̀n tí a nílò kéré gan-an. Máíkírógíráàmù 150 ló tó àgbàlagbà lóòjọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú rí 250. Mílíọ̀nù kan máíkírógíráàmù ló sì wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun lè má ní in tó, ohun tí a bá gbìn síbẹ̀ ò sì lè fún wa ní ohun tí ilẹ̀ ò fún un. Gbágùúdá tún wà ńbẹ̀. Májèlé inú rẹ̀, bí a kò bá rẹ ẹ́ kó kan dáadáa tàbí kí a yan gàrí rẹ̀ jinná, ara á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó máa ń dí áyódìn lọ́nà kó má dé inú táírọ́ìdì. Ẹni tó ń rí áyódìn tó lè jẹ ẹ̀bà rẹ̀ kó má mikàn. Ẹni tí kò rí i tó ni gbágùúdá tí wọn ò ṣe dáadáa máa ń dá kún ìyà rẹ̀.

Iyọ̀ ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Láti ọdún 1993 ni Nàìjíríà ti ń fi áyódìn sínú iyọ̀ tí à ń jẹ. Bí iyọ̀ kan bá ní máíkírógíráàmù 30 nínú gíráàmù kan, gíráàmù márùn-ún, ìyẹn ṣíbí ìpo-tíì kan, ti di 150 géérégé, ìwọ̀n iyọ̀ yẹn náà sì ni wọ́n ní kéèyàn má kọjá lóòjọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ń fi iyọ̀ aláyódìn sebẹ̀ ní Òṣogbo ti ń rí lówó pọ́ọ́kú ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún un lówó gọbọi. Àmọ́ iyọ̀ náà ní láti jẹ́ iyọ̀ gidi. Bí ẹ bá ń ra èyí tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n l'Ọ́jà Ọba tàbí ní Ìgbọ̀nà, ẹ wo ìdí àpò. Bí ó bá rin, tí omi ń ṣẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀, áyódìn ń bá omi yẹn lọ nìyẹn. Oòrùn àti iná náà máa ń lé e lọ. Ẹ rọ iyọ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ sì máa fi í sọ́bẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná.

Àpọ̀jù wá ńkọ́? Òun gan-an ló yẹ kó wà lára ìgò. Gíráàmù kan nori lè ní bíi máíkírógíráàmù áyódìn 16. Gíráàmù kan kombu lè ju 2,000 lọ. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, 1,100 ni wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́. Ní Yúróòpù, 600. Ẹ ò rí i pé kombu bíńtín ti fò ó kọjá. Ní Hokkaido, lápá àríwá Japan, àwọn ará etíkun ń jẹ kombu lájẹyó, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1960, àwọn dókítà rí gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn. Àpọ̀jù áyódìn ló fà á. Ohun kan náà tó ń wo gẹ̀gẹ̀, òun náà ló lè dá a sílẹ̀, kó sì da iṣẹ́ táírọ́ìdì rú.

Àwọn oore yòókù kò tó ti áyódìn, àmọ́ wọ́n wà. Nori gbígbẹ ní purotéènì tó pọ̀, ó tún ní fítámì B12, èyí tó ṣọ̀wọ́n nínú ohun tí kì í ṣe ẹran, ẹja, ẹyin tàbí mílíìkì. Àmọ́ èèyàn mélòó ló lè jẹ nori tó nǹkan? Fáíbà rẹ̀ ló wù mí jù. Ó máa ń fa omi mọ́ra nínú ikùn, ó ń jẹ́ kí èèyàn tètè yó, ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí kéde pé bakitéríà inú ìfun àwọn ará Japan kan ní ohun tí wọ́n fi ń tú fáíbà nori, àti pé ọ̀dọ̀ bakitéríà inú òkun ni wọ́n ti gbà á. Wọn ò rí i nínú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n yẹ̀ wò. Oúnjẹ tí ìran kan ń jẹ láti ọdúnmọ́dún ti yí ohun tó ń gbé inú wọn padà. Ní ti pé ó ń wo jẹjẹrẹ tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kò tíì sí ẹ̀rí tó tó gbọ́kàn lé.

Ewé òkun kò mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí májèlé. Méjèèjì ló ń mu. Hijiki, ewé òkun búráùn kan tí àwọn ará Japan ń jẹ, ní áséníìkì burúkú débi pé lọ́dún 2004 ni àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ nílùú Ọba ti ní kí aráàlú má jẹ ẹ́ mọ́. Sargassum, ewé òkun búráùn tó ń léfòó, èyí tó ti ń rọ́ wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti nǹkan bí 2011, náà lè ní áséníìkì, nítorí náà ẹni tó bá lọ ṣeré létí òkun l'Ékòó kó má ṣa á bọ̀. Ohun aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ òkúta inú odò Ọ̀ṣun kì í ṣe ewé òkun rárá, ẹ má sì fi dán an wò: àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti da omi náà rú.

Ẹni tó ń lo oògùn táírọ́ìdì, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fẹnu kàn án. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, náà, torí fítámì K inú rẹ̀ lè bá oògùn yẹn jà. Alárùn kíndìnrín, pòtásíọ̀mù rẹ̀ lè pọ̀ jù fún yín. Aboyún, ẹ fi kombu àti ìgò tí kò kọ iye áyódìn rẹ̀ sára sílẹ̀.

Bí ó bá wù yín jẹ, wakame gbígbẹ ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí kan péré ni kí ẹ rẹ sómi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ó máa ń wú gan-an. Ẹ fún un, ẹ da omi náà nù, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ó ń yọ̀ bí ewédú, kò sì ní kọ ata gígùn àti irú. Ó ti ní iyọ̀ tirẹ̀, ẹ tọ́ ọbẹ̀ yín wò kí ẹ tó bu òmíràn sí i.