Ìjókòó Wa Ju 50 Ìṣẹ́jú Lọ

Iṣẹ́ mi ní Òṣogbo níbí ni kí n máa gbọ́ tẹnu àwọn tí ọkàn wọn wúwo, kí a jọ wá bí yóò ṣe fúyẹ́. Ìjókòó kan máa ń gbà tó 50 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ pè mí nìyẹn. Mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò kún tó.

Ìyá aládìrẹ kan ló là mí lójú. Aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n da ojú fóònù dé sórí itan, síbẹ̀ wọn ò yéé ṣí i wo aago. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n ní àwọn ráyè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 20 ìṣẹ́jú láti palẹ̀ ọjà mọ́ ní Ọjà Ọba, 40 láti dúró de kọ̀rọ̀pẹ́ kó kún kó sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ mi, 40 míì láti padà. Ẹni tó ń ti Ẹdẹ tàbí Ìkìrun wá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá fi 30 kún un kí ojú tó sunkún tó wálẹ̀. Pẹ̀lú 50 ti ìjókòó fúnra rẹ̀, wákàtí 3 gbáko! Bí a bá jókòó lẹ́ẹ̀mejìlá, ó di wákàtí 36.

30 ìṣẹ́jú ìgbẹ̀yìn yẹn ni ẹnikẹ́ni kì í kà, òun ló sì ń dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú fún ọdún gbọọrọ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọkàn kì í jókòó lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ kan sáré ti ọ̀dọ̀ mi wọ kíláàsì, ó sì jágbe mọ́ ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìpàdé ti ìjókòó wa lẹ́yìn.

Ìjókòó orí fóònù lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀nà, kò lè gbà yín lọ́wọ́ 30 yẹn. Ó tún ń fẹ́ yàrá tó ṣeé tì. Ẹnì kan lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ nínú ọgbà ká lè sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ bá ń gbá gíláàsì.

Bí ẹ bá pẹ́ dé, mi ò lè fi àkókò kún un, ẹlòmíì ti ń dúró. Nítorí náà, ẹ ṣírò látorí ìgbà tí ẹ ti ìsọ̀ títí dìgbà tí ara yóò rọ̀ yín, kí ẹ tó mú ọjọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ fẹ́ bá jókòó, kó má jẹ́ pé ojú ń tì yín. A máa ń yí aago padà.

A sún ti ìyá aládìrẹ sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí aṣọ bá ti wà lórí okùn. Inú báàgì ni fóònù wọn ń wà báyìí.